Aláìnmẹ́ńtì mọ́tò nílùú Ọba: ohun tí MOT kò ní í sọ fún yín

Àbẹ́òkúta ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo gbà lẹ́nu iṣẹ́ tí mo fi wá kí àwọn òbí mi. Lánàá, mo gbé mọ́tò bàbá mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó máa ń bá wa ṣe aláìnmẹ́ńtì lápá Panṣẹ́kẹ̀, nítorí mọ́tò náà ti ń jẹ táyà. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan bá mi lọ. Oṣù tó ń bọ̀ ló ń lọ sí ìlú Ọba, irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbẹ̀ lòun náà fẹ́ lọ ṣe: ká máa wakọ̀ láti ilé arúgbó kan dé ilé òmíràn, ká wẹ̀ fún wọn, ká fún wọn lóògùn, ká tún ṣáná sí mọ́tò.

Ọ̀gá ta okùn láti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dé ẹsẹ̀ iwájú, ó fojú díwọ̀n rẹ̀, ó tú nọ́ọ̀tì táì-rọ́ọ̀dù (irin tó so sítíárìn mọ́ ẹsẹ̀ iwájú), ó yí i díẹ̀, ó dì í padà. Ó ní kí n wà á lọ sọ́nà Kútọ̀ kí n wá sọ ohun tí mo bá rí. Mo lọ, mo bọ̀, mọ́tò ò fà mọ́. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi, ojú rẹ̀ ti di ẹ̀rọ. Àbúrò mi wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ náà nìyí?" Mo ní rárá. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un lórí bẹ́ǹṣì ni mo rántí pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún èmi nígbà tí mo débẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kí n fi iṣẹ́ àti ẹ̀mí mi dí i.

Mọ́tò tí mo kọ́kọ́ rà níbẹ̀, MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n ṣe fún mọ́tò, ò tíì pé oṣù márùn-ún tí wọ́n ṣe é. Ìwé náà mọ́ tónítóní. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo táyà láti ìta, ojú wọn sì dáa. Sítíárìn máa ń wọ́ sápá kan díẹ̀ bí mo bá ń lọ tààrà, àmọ́ mo ti sọ ọ́ dàṣà, ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n lára. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo fẹ́ yí róńdàbáòtù kan, iwájú mọ́tò bá yọ̀ lọ síwájú bí ẹni tó tẹ ilá. Mi ò sáré o. Ọlọ́run ló yọ mí, kò sí mọ́tò kankan níwájú mi. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta táyà, ó fi jáàkì gbé e sókè, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó láti abẹ́. Etí inú táyà iwájú méjèèjì ti jẹ tán, wáyà ti yọ síta bí ọwọ̀. Etí ìta tí mò ń wò lójoojúmọ́ ṣì nípọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká yín lára ju owó táyà lọ. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà lè gbé yín fún oṣù 12 péré lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti di olùgbé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò ti kọ̀ǹpútà àti ti ojú títì, àfi bí ẹni tí ò wakọ̀ rí. Kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ọdún mélòó lẹ fi wakọ̀ láti Lafẹ́nwá dé Aṣéró. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yege, ọdún méjì àkọ́kọ́ ẹlẹgẹ́ ni: bí póíǹtì ìjìyà yín (àmì tí wọ́n ń kọ sí láísẹ́ǹsì ẹni tó bá rú òfin ọ̀nà) bá pé 6 láàárín ọdún méjì yẹn, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì náà, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Táyà kan ṣoṣo tí kò bófin mu, póíǹtì 3 ni, pẹ̀lú owó ìtanràn tó lè tó £2,500. Táyà méjì, póíǹtì 6. Ẹ ṣírò ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, tí wọ́n sì tìtorí pé mo ń wakọ̀ gbà mí síṣẹ́. Ọlọ́pàá kan ṣáà ni ì bá bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Òfin wọn ni pé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbú táyà, láàárín gbùngbùn rẹ̀, jíjìn ìlà ojú táyà kò gbọ́dọ̀ dín ní mìlímítà 1.6, yípo táyà náà látòkèdélẹ̀. Bí wáyà bá sì ti yọ níbikíbi, ì báà jẹ́ etí pátápátá, ó ti ṣẹ̀ sófin.

Kí wá ni aláìnmẹ́ńtì gan-an? Títò ẹsẹ̀ mọ́tò ni, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dúró bí àwọn tó ṣe mọ́tò náà ṣe fẹ́. Igun mẹ́ta ni wọ́n máa ń wọ̀n. Àkọ́kọ́ ni toe. Ẹ ronú ẹni tó ń rìn tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjú síra wọn, tàbí tó yà wọ́n síta bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ohun tó ń ṣe táyà nìyẹn. Èkejì ni camber, ìyẹn bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta. Ẹ̀kẹta, caster, lè má yé èèyàn kíákíá: ẹ wo bí irin iwájú kẹ̀kẹ́ ṣe dagun sẹ́yìn díẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí sítíárìn dá padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yà ní kọ̀nà. Toe ló ń jẹ táyà jù. Bó bá ti yẹ̀ bó ti wù ó kéré mọ, táyà ò ní í yí nìkan mọ́, á tún máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ọ̀dà bí ọmọ ọlọ tó ń lọ ata, láti ilé dé ibi iṣẹ́, lójoojúmọ́.

Ọ̀pọ̀ wa máa ń da èyí pọ̀ mọ́ balancing. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín nígbà tí eré bá pọ̀, balancing lẹ kọ́kọ́ fẹ́ wò: wọ́n á lẹ irin kéékèèké mọ́ rímù kí ìwúwo rẹ̀ lè bára mu yípo. Bí mọ́tò bá ń fà, tàbí sítíárìn wọ́ nígbà tí mọ́tò ń lọ tààrà, tàbí táyà ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, aláìnmẹ́ńtì lọ̀rọ̀ kàn. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ má sanwó ọ̀kan kẹ́ ẹ máa retí èkejì.

Ẹ kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́ táyà, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀ lápá kan lè mú kí mọ́tò fà. Ẹ sì mọ̀ pé apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ojú títì dagun sí etí kí omi lè ṣàn lọ. Nítorí náà, mọ́tò tí kò ní àléébù lè fẹ́ yẹ̀ sósì díẹ̀. Àwa tá a ti ń gba apá ọ̀tún láti 1972, ọ̀tún ló ti mọ́ wa lára kó yẹ̀ sí. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ ti dán an wò.

Wíwo táyà fúnra rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ páàkì sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ yí sítíárìn dópin sápá kan, ẹ pa iná mọ́tò, ẹ fa bírékì ọwọ́. Etí inú táyà iwájú á wá kọjú sí yín. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án. Ẹ ki ẹyọ owó 20p bọ inú ìlà ojú táyà, ní etí inú, ní àárín, ní etí ìta. Bí etí owó náà tó yọ gbọnrangandan bá ti wọlé tí ẹ ò rí i mọ́, ó ṣì ju ohun tí òfin wí lọ. Bí ẹ ò bá rí wáyà kankan, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà láti ìta wá sínú, kẹ́ ẹ tún pa á padà. Bó bá ń dán bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, tó sì mú bí ẹ ṣe ń bọ̀, toe ni. Mo ní kí àbúrò mi dán an wò lára mọ́tò bàbá mi níbi tá a jókòó sí lánàá. Ó pa á lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ayùn ló rí."

Ní ti MOT, ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn, ó sì ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é fún mọ́tò tó bá ti pé ọdún mẹ́ta (mẹ́rin ni ní Northern Ireland), owó rẹ̀ fún mọ́tò kékeré kò gbọ́dọ̀ ju £54.85 lọ. Wọ́n máa ń wo bírékì, iná, táì-rọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, wọ́n sì ń wo táyà. Ṣùgbọ́n wọn kì í wọn igun ẹsẹ̀ mọ́tò. Mọ́tò tí toe rẹ̀ bàjẹ́ pátápátá lè yege bí táyà rẹ̀ bá ṣì nípọn lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn oṣù mélòó kan kí wáyà yọ. Ohun tó lè ta yín lólobó ni ohun tí wọ́n ń pè ní advisory, àkíyèsí tí wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ra tòkunbọ̀ (wọ́n á rẹ́rìn-ín bẹ́ ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ níbẹ̀), ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sórí gov.uk, ẹ ó rí ìtàn MOT rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ń kọ ọ́ lọ́dọọdún pé etí táyà ń jẹ, a jẹ́ pé àwọn tó ni ín ṣáájú kàn ń pààrọ̀ táyà ni, wọn ò tọ́jú ohun tó ń jẹ ẹ́.

Ẹ fóònù gáréèjì kẹ́ ẹ gba àkókò. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ tracking lẹ́nu wọn, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ni wọ́n sábà ń sọ. Four-wheel alignment ni kẹ́ ẹ béèrè bí ẹ ò bá mọ ìtàn mọ́tò náà, nítorí bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá kọjú síbòmíràn, iwájú tí wọ́n tò dáadáa á ṣì máa bá a jà. Àwọn gáréèjì kan ń wọ̀n ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á gbowó bí wọ́n bá rí ohun tí wọ́n máa tún ṣe. Wọ́n á gbé mọ́tò gun pẹpẹ, wọ́n á so ohun kan mọ́ rímù kọ̀ọ̀kan tí kámẹ́rà tàbí iná lésà ń kà, wọ́n á ti mọ́tò síwá sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á dá sítíárìn dúró sójú kan. Orí kọ̀ǹpútà ni ẹ ó ti rí igun kọ̀ọ̀kan: pupa ni èyí tó yẹ̀, àwọ̀ ewé ni èyí tó dáa. Nígbà náà ni wọ́n á wá tú nọ́ọ̀tì táì-rọ́ọ̀dù, gẹ́lẹ́ bí ọ̀gá wa ṣe tú u ní Panṣẹ́kẹ̀.

Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n mi ẹsẹ̀ mọ́tò náà wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tàbí búṣìn (àwọn oríkèé àti rọ́bà tó di ẹsẹ̀ mọ́tò mú) bá ti jẹ, aláìnmẹ́ńtì ò ní í dúró, owó yín wọgbó nìyẹn. Ẹ tún béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí nọ́ọ̀tì bá ti dípẹtà. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín má baà dì, iyọ̀ yẹn sì ń jẹ irin abẹ́ mọ́tò; nọ́ọ̀tì tí kò ṣeé tú lè sọ iṣẹ́ kékeré di owó ńlá. Bí mọ́tò yín bá ní kámẹ́rà lẹ́yìn gíláàsì iwájú tó ń bá yín ṣọ́ ìlà títì, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́dọ̀ tún un tò lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lára ẹ̀rọ, èyí tó fi bó ṣe rí kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀. Bí sítíárìn bá ṣì wọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ sanwó, ẹ padà lọ pẹ̀lú ìwé náà láìbẹ̀rù. Òfin oníbàárà wọn ti 2015 sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n gbowó lé lórí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe bí ẹni tó mọṣẹ́, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè ní kí wọ́n tún un ṣe.

Gálọ́ọ̀pù wà níbẹ̀ náà o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ lè béèrè owó. Bẹ́ ẹ bá já sí kòtò tí mọ́tò wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹ dúró níbi tí kò léwu, ẹ ya fọ́tò kòtò náà, ẹ kọ orúkọ òpópónà, ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Káńsù àdúgbò ló ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Ní England, National Highways ló ni mọ́tòwéè àti àwọn ọ̀nà ńláńlá. Wọ́n lè kọ̀ bí wọ́n bá fi hàn pé àwọn ń yẹ ọ̀nà náà wò déédéé tí kò sì sẹ́ni tó ti sọ nípa kòtò yẹn fún wọn, ìdí nìyẹn tó fi dáa kẹ́ ẹ máa fi kòtò tẹ́ ẹ bá rí tó wọn létí, kódà nígbà tí ò bá yín já. Ẹ fi rìsíìtì gáréèjì àti ìwé igun yẹn sínú àpótí kan náà pẹ̀lú fọ́tò, nítorí òun ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.