Bẹ́ẹ ṣe lè yan ọ̀nà fún rọ́bọ́ọ̀tì inú wíàháùsì kí wọ́n má baà kọlu ara wọn

Rọ́bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ò ní wàhálà rárá, ìgbà tí wọ́n bá di ogún ni sunkẹrẹ-fakẹrẹ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìwé Maths tó ní bọ́ọ̀kìsì bọ́ọ̀kìsì, ká sọ pé ilẹ̀ wíàháùsì nìyẹn, kẹ́ẹ wá kọ́ọ̀kì Coke kan àti ti Fanta kan, àwọn ni rọ́bọ́ọ̀tì wa. Bí ti Kiva, iléeṣẹ́ tó ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì wíàháùsì tí Amazon rà ní 2012, ṣe rí gan-an nìyẹn, sítíkà ni wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀ káàkiri, rọ́bọ́ọ̀tì á fi kámẹ́rà wò ó kó lè mọ ibi tó dé, á wọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀fù, á gbé e, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó ọjà.

Ọ̀nà tó kúrú, A* (ẹ pè é ní A-star), ìyẹn ìlànà ìṣirò tí kọ̀ǹpútà fi ń wá ọ̀nà, ló máa bá yín wá a. Àtọdún 1968 ló ti wà, Hart, Nilsson àti Raphael ló gbé e jáde. Ní bọ́ọ̀kìsì kọ̀ọ̀kan, ẹ ro iye tẹ́ẹ ti rìn pọ̀ mọ́ iye tẹ́ẹ fojú bù pé ó kù, èyí tó bá kéré jù ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Bí ibi tẹ́ẹ̀ ń lọ bá fi bọ́ọ̀kìsì 4 wà lápá ọ̀tún tó sì fi 3 wà nísàlẹ̀, 7 lẹ máa fojú bù, torí rọ́bọ́ọ̀tì yìí kì í gba igun bọ́ọ̀kìsì kọjá. Ẹ sì ro yíyí náà mọ́ ọn o, yíyí máa ń jẹ àsìkò.

Ibi tó ti wá le rèé. Bọ́ọ̀kìsì nìkan kọ́ lẹ máa búùkù, ẹ búùkù àsìkò mọ́ ọn. Coke ti búùkù bọ́ọ̀kìsì kan ní sẹ́kọ́ńdì 2, Fanta náà sì ń ti òkè bọ̀, sẹ́kọ́ńdì 2 yẹn náà lòun á débẹ̀. Kí Fanta dúró síbi tó wà fún sẹ́kọ́ńdì kan, ó parí. Ìdúró náà ìrìn ni, ẹ fi sínú kóòdù yín.

Èyí tí mo gbàgbé nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ tèmi: Coke fẹ́ bọ́ sí bọ́ọ̀kìsì Fanta, Fanta náà fẹ́ bọ́ sí ti Coke, ìwé búkìǹgì á ní kò séwu, àmọ́ wọ́n á forí gbárí láàárín méjèèjì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀, àbí kẹ́ẹ sọ ojú ọ̀nà di wọ́nwéè, èmi fẹ́ràn wọ́nwéè jù.

Èyí tí ò gbé nǹkan lè gba abẹ́ ṣẹ́ẹ̀fù kọjá, èyí tó gbé ẹrù ò lè ṣe é, máàpù méjì nìyẹn. Tí bátìrì ọ̀kan bá wá kú sójú ọ̀nà, ẹ búùkù bọ́ọ̀kìsì yẹn fún un títí wọ́n á fi wá gbé e, kẹ́ẹ tún ọ̀nà wá fáwọn tó fẹ́ gbabẹ̀ nìkan, ẹ má da ti gbogbo wọn rú.