Ìwé Ìpẹ̀jọ́ Kan Jẹ Owó Ilé Ìwé Àwọn Ọmọ Mi

Owó tí mo ná kí ìwé ìpẹ̀jọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ bàbá àwọn ọmọ mi ju owó tí kóòtù gbà láti fi orúkọ ẹjọ́ náà sílẹ̀ lọ. Títí di òní, bí mo bá rántí, inú mi á tún ru. Mo ti gbọ́ nípa owó lọ́yà, mo sì ti tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Ta ló sọ fún mi pé màá máa fún bélífù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ kiri, ní owó ọkọ̀ lemọ́lemọ́, tí gbogbo rẹ̀ á sì máa já sí "a ò bá wọn nílé"?

Alárédè la ṣe, ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, ní Ìkòyí, lẹ́yìn ìdána. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ilé ẹjọ́ gíga ló lè tú u ká. Aládùúgbò wa kan ní Ṣúrúlérè ń tì mí pé kí n gba kóòtù ìbílẹ̀ lọ, pé ó yá, pé kò wọ́n. Òótọ́ ni pé ó yá, ṣùgbọ́n agbára kóòtù ìbílẹ̀ kò dé orí alárédè. Obìnrin tó bá gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ níbẹ̀ lórí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ilé ọkọ ló ṣì wà lójú òfin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó pọ́ọ́kú tàn yín.

Ọ̀rọ̀ tèmi kò le. Òfin ọdún 1970 tó ń darí ìkọ̀sílẹ̀ sọ pé bí tọkọtaya bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 3 gbáko kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kóòtù lè gbà pé ìgbéyàwó náà ti tú, bí ẹnì kejì fẹ́, bó sì kọ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ti kó jáde nílé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, n kò ní láti tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Kíkọ ìwé, ìbúra, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, gbogbo ìyẹn lọ wẹ́rẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dì ni bí ìwé yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Adájọ́ kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n pe òun lẹ́jọ́. Ìyẹn dára, èmi náà kò ní fẹ́ kí wọ́n dá ẹjọ́ mi lẹ́yìn mi. Ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni ìwé gbọ́dọ̀ dé, bélífù ló sì ń gbé e. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Marina. Bélífù á gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, á gba orí Third Mainland kọjá, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì á sọ pé ọ̀gá ti jáde. Á tún lọ, wọ́n á ní ó ti rìnrìn àjò lọ sí Àbújá. Mọ́tò rẹ̀ sì wà nínú ọgbà! Bélífù fojú ara rẹ̀ rí i. Bí ọjọ́ ẹjọ́ bá pé, adájọ́ á bèèrè bóyá ìwé ti dé ọwọ́ olùjẹ́jọ́, lọ́yà mi á dìde, á ní rárá, wọ́n á sún un síwájú. Èmi tí mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, tí mo ti jókòó láti àárọ̀, màá tún dìde máa lọ sílé. Nígbà tó yá, kóòtù lọ ìsinmi ọdọọdún. Sáà tuntun wọlé, ọwọ́ mi ṣófo, torí owó tí mo fi pamọ́ fún ilé ìwé ti bá ìrìn bélífù lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó mọ̀. Ó ń pe àwọn ọmọ lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ń bi wọ́n bí ìdánwò ṣe lọ, ó sì ń sá fún ìwé tó máa sọ ẹni tí yóò san owó ìdánwò náà.

Àárín ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pè mí. "Ìyàwó wa, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọmọ wa làwọn ọmọ yẹn. Kó wọn wá sí agboolé, kí ìwọ máa lọ." Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. N kò gba ọmọ lọ́wọ́ ẹbí. Ẹ bá mi bẹ àbúrò yín kó gba ìwé." Wọ́n pa fóònù mọ́ mi létí. Mo mọ̀ pé lójú àṣà, bàbá ló ni ọmọ. Ṣùgbọ́n ire ọmọ ni òfin ní kí adájọ́ fi ṣáájú, kì í ṣe ẹ̀tọ́ bàbá, kì í sì í ṣe tèmi ìyá.

Nígbà tó sú mi pátápátá, mo bi lọ́yà mi pé ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni. Ó ní ó wà. Ó ti wà látọjọ́ yìí! Bélífù búra sínú ìwé pé òun ti wá a wá a, lọ́yà gbé ẹ̀bẹ̀ síwájú adájọ́, adájọ́ sì pàṣẹ pé kí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn ilé ẹbí wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tó ti ń sùn lópin ọ̀sẹ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n lẹ̀ ẹ́, bélífù sì ya fọ́tò rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìpè ti kún fóònù mi. Wọ́n ní mo lẹ ẹ̀gàn mọ́ ilé bàbá àwọn. N kò tọrọ àforíjì. Nígbà tí ẹjọ́ tún pé, lọ́yà tirẹ̀ yọjú, ọkùnrin tí wọ́n ní ó wà ní Àbújá náà sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ tó gún régé. Orí mi wú lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹnì kejì lè wà sílẹ̀: ilé, ibi iṣẹ́, ilé ẹbí. Ẹ rí i pé bélífù ń kọ ọjọ́ àti àkókò tó lọ. Bí ẹnì kejì bá ti bọ́ lọ́wọ́ bélífù bí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ ní kí lọ́yà tọrọ àṣẹ láti lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn. Bí ìwé bá sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ bèèrè owó ìtọ́jú ọmọ fún ìgbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, òfin fàyè gbà á, ẹ má dúró de ìdájọ́. Ẹni tó jẹ́ pé owó oúnjẹ ọmọ nìkan ló ń jà fún, kó gba Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó lọ, níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà láìdé kóòtù, wọn kì í gbowó. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká lọ́yà, kó lọ sí Office of the Public Defender, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń gba ẹjọ́ aláìní rò.

Ìyókù kò gùn. Àwọn ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ mi, wọ́n ń lo ìdajì ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló sì ń san owó ilé ìwé, tààrà sí àpò ilé ìwé. Wọn kò tíì pé ọdún 16, nítorí náà adájọ́ kọ́kọ́ yẹ ètò yìí wò dáadáa kí ìkọ̀sílẹ̀ tó lè fìdí múlẹ̀. Oṣù 3 lẹ́yìn rẹ̀, ó parí. Mo gba ẹ̀dà ìdájọ́ náà tí kóòtù lu òǹtẹ̀ mọ́, ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé, kí wọ́n mọ ẹni tó lè wá mú wọn. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi fún ìwé ìrìnnà wọn, torí pé ní ilé iṣẹ́ ìwé ìrìnnà, wọ́n máa ń bèèrè ìyọ̀ǹda òbí fún ọmọdé.