Bí A Ṣe Ń Dí Omi Inú Òkúta Kí A Tó Gbẹ́ Tunnel Débẹ̀

Lábẹ́ òkun ní Nọ́wè ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Sìmẹ́ńtì la máa ń fi ẹ̀rọ tì sínú òkúta, kó dí ojú tí omi ń gbà, kí a tó gbẹ́ tunnel, ìyẹn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀, débẹ̀. Ẹ má dúró kí omi ya lù yín kí ẹ tó wá nǹkan ṣe. Omi tó bá ti ń ya, ńṣe ló máa ń fọ sìmẹ́ńtì dànù lójú yín.

Ẹ kọ́kọ́ lu ihò bíi mélòó kan síwájú, mítà 25 sí 30, kí ẹ fi yẹ ọ̀nà wò. Tí irin bá ṣàdédé rì wọlé bí ẹsẹ̀ tó bọ́ sínú ẹrẹ̀, tí omi sì gbé iyanrìn jáde, òkúta ibẹ̀ ti jẹrà nìyẹn. Èmi máa ń tọ́ omi náà wò. Tó bá níyọ̀, òkun ló ń bọ̀, ìyẹn ò sì lè gbẹ.

Ẹ wá lu ihò tó jìn tó mítà 20 yí ojú tunnel ká, kí wọ́n ya síta díẹ̀ bí irin agbòjò. Ẹ fi omi fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí èyí tó ń padà jáde á fi mọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í fẹ́ràn apá yìí rárá, bẹ́ẹ̀ ẹrẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù ló máa dí ojú tí sìmẹ́ńtì fẹ́ gbà.

Sìmẹ́ńtì ìmọlé kò lè wọ ojú tó sán tín-ín-rín. Ojú náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta hóró tó tóbi jù, nítorí náà èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná gan-an là ń lò. Ihò ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa gòkè. Ẹ pò ó kó ṣàn; tí ihò bá ń gbà á tí kò kún, ẹ jẹ́ kó ki sí i. Ẹ tẹjú mọ́ gééjì tó ń fi agbára tí sìmẹ́ńtì fi ń wọlé hàn. Tó bá ń gòkè, tí èyí tó ń wọlé sì ń dín kù, ó ti ń kún. Tó bá já wálẹ̀ lójijì, sìmẹ́ńtì ti rí ibòmíì gbà: ẹ wo ara òkúta, ẹ ó rí i tó ń sun jáde bí ògì. Èèkàn igi àti àkísà la fi ń dí i.

Amọ̀ ní tiẹ̀ kì í mu sìmẹ́ńtì. Níbẹ̀, irin gígùn la fi ń ti òrùlé kí a tó fọ́ ọ, kọnkéré sì gbọ́dọ̀ bò ó kíákíá.

Nígbà kan mo tú packer, rọ́bà tó ń dí ẹnu ihò, kí sìmẹ́ńtì tó dì. Ó fò kọjá létí mi, ó lọ kan ẹ̀rọ lẹ́yìn. Ní báyìí, ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń dúró sí, mo sì máa ń bu díẹ̀ pa mọ́ sínú ife. Bí mo bá dojú ife dé tí ohunkóhun ṣì ń dà, n ò ní fọwọ́ kan packer.

Tó bá ti dì, ẹ lu ihò míì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Omi ṣì pọ̀? Ẹ tún un ṣe. Ní Seikan ní Jàpáàn, tunnel tó gùn tó kìlómítà 53.85 tí wọ́n ṣí lọ́dún 1988, wọ́n fún òkúta ní sìmẹ́ńtì gan-an, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin lomi ya wọlé lọ́nà tó burú.

Ẹ lè wá fọ́ òkúta báyìí, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan mítà 5 sí 10 tó gbẹ̀yìn lára èyí tí ẹ ti fún ní sìmẹ́ńtì. Inú rẹ̀ lẹ máa gbà lu àwọn ihò tó kàn.