Bí A Ṣe Ń Wọn Hòmóònù Másùnmáwo Lára Èkúté Inú Láàbù

Bí ọwọ́ yín bá dẹ́rù ba èkúté, ẹ̀rù náà yóò wọ inú èsì tí ẹ ń wá. Ìdí nìyí tí mo fi ka iṣẹ́ yìí sí iṣẹ́ sùúrù ju iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ hòmóònù tí ẹ ń wá. Bí jìnnìjìnnì bá mú ẹranko, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ kéékèèké méjì tó wà lórí kíndìnrín, àwọn yẹn á sì tú hòmóònù sínú ẹ̀jẹ̀. Kọ́tísọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù lára èèyàn, ajá àti ẹlẹ́dẹ̀. Kọtikositẹ́róònù ni ti èkúté, nítorí náà ohun èlò àyẹ̀wò kọ́tísọ́ọ̀lù kò wúlò fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú wákàtí kan tí ẹ ó máa gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ wọn, ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Òru ni èkúté ń rìn, torí náà hòmóònù yìí máa ń ga nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, á sì relẹ̀ láàárọ̀. Bí ẹ bá gba ti àwọn kan láàárọ̀, tí ẹ gba ti àwọn yòókù nírọ̀lẹ́, aago lẹ ń wọ̀n. Ẹ ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo pẹ̀lú, torí ti abo sábà máa ń ga jù.

Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ fẹ́ lò, ìṣẹ́jú 3 péré lẹ ní láti ìgbà tí ẹ bá ti fọwọ́ kan àgò rẹ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù tí ẹ̀yin fúnra yín dá sílẹ̀ ti ń hàn nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, tí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìlò ẹranko sì ti fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀, nìkan ló yẹ kó gbà á.

Èmi fara mọ́ ìgbẹ́ jù, torí a ò ní gún ẹranko rárá. Ẹ̀dọ̀ á fọ́ hòmóònù náà sí wẹ́wẹ́, á gba inú òróòro bọ́ sínú ìfun, á sì bá ìgbẹ́ jáde ní nǹkan bíi wákàtí 10 lẹ́yìn náà lára èkúté kékeré. Ohun tí ẹ bá ṣà láàárọ̀, ìròyìn òru àná ló ń sọ.

Ẹ ṣà á nínú àgò tó mọ́. Ẹ fi èyí tí ìtọ̀ ti kàn sílẹ̀, torí ìtọ̀ náà ní wẹ́wẹ́ hòmóònù tirẹ̀. Ẹ gbé e sínú fìrísà ní -20°C lójú ẹsẹ̀, kí kòkòrò àìfojúrí má baà máa yí i padà. Tí ẹ bá wá mú un jáde, tó sì gbẹ, ẹ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, torí hòmóònù kì í tàn ká inú rẹ̀ dọ́gba. Ẹ wọn gíráàmù 0.05, ẹ da mílílítà 1 mẹtanọ́ọ̀lù 80% (irú ọtí kan tí a kì í mu) sí i, ẹ mì ín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ yí i bírí bírí títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á fi wà nísàlẹ̀. Omi tó tòrò lókè lẹ máa fà.

Omi yẹn ló ń lọ sínú àwo oníkòtò 96 ti ELISA, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń lo áńtíbọ́dì (èròjà tó ń so mọ́ ohun tí a ń wá) àti àwọ̀ láti wọn hòmóònù. Ẹ fi omi ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú kòtò méjì. Bí èsì méjèèjì bá jìnnà síra, ẹ tún un ṣe. Nínú irú ELISA tí a sábà ń lò fún un, kòtò tí àwọ̀ rẹ̀ bá ki jù ni hòmóònù rẹ̀ kéré jù. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣi èyí kà. Áńtíbọ́dì inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dá wẹ́wẹ́ náà mọ̀, torí ojúlówó hòmóònù tó kù nínú ìgbẹ́ kò tó nǹkan.

Tí èsì bá ga, ẹ má tíì pè é ní ìyà. Kí akọ gun abo àti eré sísá náà máa ń gbé e sókè. Ẹ wo ìwúwo ara ẹranko náà, bó ṣe ń jẹun àti bó ṣe ń tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀. Ẹ sì ti máa ṣa ìgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè fi èkúté kọ̀ọ̀kan wé ara rẹ̀.