Ètò Python Kò Yẹ Kó Ba Tábìlì Ọ̀rọ̀ Òkun Jẹ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ẹ́dítọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ilẹ̀ Òkun (àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí) jọ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù lọ. Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà kan sọ fún yín ní Kàbà tàbí Ìsánlú lè má ṣeé béèrè lẹ́ẹ̀kejì, kò sì yẹ kí ètò ẹ́dítọ̀ (irinṣẹ́ tí ẹ fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì) bà á jẹ́.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí èèyàn fẹ́ ṣètò irú fáìlì kan ṣoṣo, kó wá ṣe é fún gbogbo fáìlì. Ẹni tó ń kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, gbọ́ pé àlàfo mẹ́rin ni wọ́n ń fi sí iwájú ìlà, òótọ́ sì ni, PEP 8, ìlànà ìkọ̀wé Python, sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá kọ `set expandtab` sínú vimrc, fáìlì ètò ẹ́dítọ̀ Vim. Láti ìgbà náà, bó bá tẹ táàbù, àlàfo ni Vim ń kọ. Makefile, fáìlì tí `make` ń kà láti mọ iṣẹ́ tó máa ṣe, kò gba ìyẹn, táàbù ló fẹ́: `make` á dúró, á ní «missing separator». Vim ní ètò tirẹ̀ tó ń dáàbò bo Makefile, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí `filetype plugin on` bá wà. Láti Vim 8, ó máa ń wà fúnra rẹ̀ fún ẹni tí kò ní vimrc. Bí ẹ bá ti dá vimrc tiyín sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ síbẹ̀.

Makefile tilẹ̀ sàn, ó ń pariwo. Tábìlì ọ̀rọ̀ kì í pariwo. Ká ní fáìlì .tsv ni, tí táàbù pín òpó àwọn ẹ̀ka Òkun, Òwé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀, sọ́tọ̀. `expandtab` kì í fọwọ́ kan táàbù tó ti wà nílẹ̀, ìlà tuntun tí ẹ bá tẹ̀ ló ń bà jẹ́. Fáìlì á dà bí èyí tó pé lójú. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé e wọ Excel lẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin ti há sínú òpó kan.

Nínú Vim, `setlocal` ni kí ẹ lò, kì í ṣe `set`, kí ètò náà lè mọ sí fáìlì yẹn nìkan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú `~/.vim/after/ftplugin/python.vim`. Ẹ má yọ `after` yẹn kúrò: ètò tí Vim fúnra rẹ̀ ní fún Python máa ń wọlé lẹ́yìn `ftplugin` (ètò irú fáìlì kan) tiyín, ó sì lè pa á rẹ́. Bó bá jẹ́ `autocmd` (àṣẹ tí Vim ń ṣe fúnra rẹ̀) lẹ fẹ́, ẹ fi í sínú `augroup` (àkójọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀) tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `autocmd!`, tó ń pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́, kó má baà di ìlọ́po nígbàkigbà tí ẹ bá tún vimrc kà.

Nínú VS Code, ẹ́dítọ̀ mìíràn, èyí tó ń dùn mí ni `files.trimTrailingWhitespace`, tó ń gé àlàfo àti táàbù ìparí ìlà dànù bí ẹ bá tọ́jú fáìlì. Ó dára fún Python. Ṣùgbọ́n nínú Markdown, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fi àmì ṣètò ọ̀rọ̀, àlàfo méjì ní ìparí ìlà ló ń sọ pé kí ìlà tuntun bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ oríkì ìlú kan ní ìlà-ìlà, ẹ tọ́jú fáìlì, gbogbo rẹ̀ á sì dà pọ̀ di ìpínrọ̀ kan lójú òǹkàwé. Nínú tábìlì, bí ẹ kò bá tíì gbọ́ bí àwọn Ọ̀wọ̀rọ̀ ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kan, táàbù ló máa parí ìlà náà. Ètò yìí á gé e dànù, ìlà náà á sì dín òpó kan. Abẹ́ Python nìkan ni kí ẹ ti tàn án.

Bí VS Code kò bá sì tẹ̀ lé iye àlàfo tí ẹ ṣètò, ẹ wo `editor.detectIndentation`. Ohun tó bá rí nínú fáìlì ló ń tẹ̀ lé.

Bí tábìlì bá ti bà jẹ́, ẹ má sáré lo `:retab!`, àṣẹ Vim tó ń pààrọ̀ àlàfo àti táàbù, lórí gbogbo rẹ̀, torí ó lè sọ àlàfo tó tọ́ láàárín ọ̀rọ̀ di táàbù. Ẹ lo `:set list` nínú Vim. Táàbù á hàn bíi `^I`. Ìlà tí `^I` rẹ̀ kò bá pé mẹ́rin fún òpó márùn-ún ni kí ẹ fọwọ́ tún ṣe.