Ìgò Omi Dúdú Ló Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Wa: Ìrírí Mi Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Tíṣà Nípa Omi

Nígbà tí mo ń ṣírò owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, ohun tí mo rò ni pé ìwé àti ìgò ìdánwò omi ni yóò gba owó jù. Irọ́ gbáà! Owó ọkọ̀, owó ìrẹsì tẹ́nikẹ́ni ò jẹ, àti owó àtúnṣe kànga tí kì í ṣe tèmi ló gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin.

Àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan n'Íbàdàn la fẹ́ kọ́, káwọn náà lè kọ́ ọmọ níbi tómi ti ń wá, ohun tó ń bà á jẹ́ àti bá a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ti lẹ́tà àti ti gbọ̀ngàn, ẹni tó bá ti ṣètò ìpàdé rí mọ bó ṣe ń rí. "Ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó" ni mo gbọ́ títí. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn kọjá bẹ́ẹ̀. Mo bi wọ́n pé níbo lomi ẹ̀rọ Ìbàdàn ti ń wá, wọ́n ní Ẹlẹ́yẹlé, ìyẹn ìsédò ọdún 1942. Àwọn mìíràn dárúkọ Aṣéjìrè tó ń lo omi odò Ọ̀ṣun. Àǹtí kan ní òun ò rí omi kankan nínú ẹ̀rọ ilé òun láti ìgbà tóun ti kó débẹ̀, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni bàbá àgbà kan, ọmọ Ìbàràpá, dìde, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, ó fi àpá sòbìà, aràn tó ń ti inú omi mímu wọ ara, hàn wá nítòsí ọrùn ẹsẹ̀. Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé, bí kiní yẹn bá ti yọ orí, ẹni náà ò ní lè lọ sóko, bẹ́ẹ̀ ni ò ní lè lọ sílé ìwé. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó lé e lọ. Aṣọ asẹ́ ni, táwọn èèyàn fi ń sẹ́ omi kí kòkòrò tín-ín-tín tó gbé ìdin sòbìà mì má baà wọnú wọn. Àti pé wọ́n kọ̀ fún ẹni tó légbò sòbìà láti tẹ ẹsẹ̀ bọ inú odò. Lọ́dún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún Nàìjíríà ní ìwé ẹ̀rí pé àrùn náà ti kásẹ̀ ńlẹ̀. N ò ní àwòrán tàbí ìwé kan tó lè kọ́ wọn tó bí ẹsẹ̀ bàbá yẹn ṣe kọ́ wọn.

Ìdánwò omi ló kàn. Ìgò kékeré ni, oògùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ óò bu omi sí i dé ojú ìlà, ẹ óò dé e, ẹ óò gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí irú kòkòrò tó máa ń ti inú ìgbẹ́ wá bá wà níbẹ̀, omi náà yóò dúdú. Kò ní sọ irú àrùn tó wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọmọdé pàápàá yóò lóye rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé omi tó mọ́ gaara lè máà ṣe é mu. Álọ́ọ̀mù tá a ń dà sómi, ìdọ̀tí ló ń fà sílẹ̀, kò túmọ̀ sí pé gbogbo kòkòrò ti kú. Oníkálukú gbé omi wá: omi kànga, omi òjò, píọ̀ wọ́tà. Ẹnì kan bá lọ fa omi nínú kànga ilé ìwé tá a wà gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, ìgò ilé ìwé dúdú bí kóró iṣin.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé náà, ìyá tá a ń pè ní Màámi, wọlé, ó wo ìgò, ó wò mí. "Ta ló ní kẹ́ ẹ bu omi wa?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní "Ẹ má bínú, Mà, ẹ̀kọ́ ni." Màámi ò tiẹ̀ gbọ́. Wọ́n kó gbogbo ìgò sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tì í, wọ́n ti gbọ̀ngàn pẹ̀lú. Wọ́n ní bí oníròyìn bá gbọ́, àwọn òbí yóò kó ọmọ wọn lọ, àti pé àfi tí lẹ́tà tuntun bá ti òkè wá.

Mo wá lẹ́tà tuntun. Àwọn ti ètò ẹ̀kọ́ ní ọ̀rọ̀ ìdánwò omi, ti ìlera ni. Àwọn ti ìlera ní ti àwọn olómi ni. Àwọn olómi ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ inú ilé ìwé ni, kí n padà sí ètò ẹ̀kọ́. Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló rán mi. Àwọn tíṣà tó wá bá ilẹ̀kùn títì gba owó ọkọ̀ wọn pé pérépéré, ìyá olóúnjẹ náà gba tiẹ̀, nítorí ìrẹsì ti jinná. Ohun tó dùn mí jù ni pé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ní kí n lọ, kí n bọ̀, àwọn ọmọ ń mu omi yẹn, wọ́n ń fi ike kan náà bù ú lójoojúmọ́.

Bàbá ará Ìbàràpá ló yanjú rẹ̀. Ó lọ bá Màámi nílé, ó ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Oníròyìn kọ́ ló ń mu omi kànga, ọmọ wa ni. Màámi rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó bá rí i pé omi dúdú ni yóò sọ ọ́ di funfun. Èmi náà nìyẹn!

Mo ra sìmẹ́ńtì, a dí gbogbo ibi tó sán létí kànga, a ṣe ìdérí onírin. Korobá tó ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ewúrẹ́ ń gbà kọjá, a gbé e kọ́ sókè. A da kílórínì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, sínú kànga náà, a fi í sílẹ̀ mọ́jú, a fa omi rẹ̀ dànù títí òórùn fi lọ. Ṣùgbọ́n ṣáláńgá wà nítòsí ibẹ̀, kò jìnnà tó ọgbọ̀n mítà tí wọ́n sábà máa ń ní kó jìnnà sí kànga, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ owó òmíràn. Nítorí náà, omi mímu àwọn ọmọ, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi kílórínì sí i nínú táǹkì kékeré, ó sì gbọ́dọ̀ lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Ìgò tuntun tá a fi dán omi táǹkì wò kò dúdú. Orí tábìlì Màámi ló wà báyìí, wọ́n ń fi han àlejò pé "iṣẹ́ wa nìyí." Iṣẹ́ wa kẹ̀!

Àwọn tíṣà ṣe ju bí mo ṣe rò lọ. Ìgò ìdánwò ò kárí, kíláàsì wọn sì kún fọ́fọ́, wọ́n bá ń fi ike omi, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti èédú ṣe asẹ́. Ọmọ kan ní kíláàsì kẹta sọ fún ìyá aláàkàrà tó ń bọ ọwọ́ sínú omi pé "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo kọ́ọ̀bù." Ìyá náà fẹjọ́ rẹ̀ sun tíṣà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó lọ bẹ àwọn tíṣà wò ní kíláàsì wọn lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè wọn ti ń jáde. Kó fi owó síbẹ̀, kó dín ti báánà kù. Kó sì ya owó àtúnṣe kànga sọ́tọ̀ kó tó ra ìgò kan ṣoṣo. Ilé ìwé mìíràn ti ń pè mí báyìí. Mo ní kí ọ̀gá ibẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé pé bí omi bá dúdú, àwọn ò ní ti ilẹ̀kùn. Wọn ò tíì dáhùn.