Bí mo ṣe ṣírò ooru tí ilẹ̀ pálọ̀ mi máa mú wá

Kí n tó jẹ́ kí wọ́n tẹ́ páìpù omi gbígbóná sábẹ́ ilẹ̀ pálọ̀, mo mú bírò, mo ṣírò ooru tó ń sá jáde nínú yàrá náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń ní kí wọ́n ṣe 100 wáàtì sí mítà onígun mẹ́rin kan. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ohun tí yàrá bá ń pàdánù ni ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dá padà.

Pálọ̀ náà gùn ní mítà 5, ó fẹ̀ ní 4, ó ga ní 2.5. Mo fẹ́ kí inú ilé wà ní dígírì 21 nígbà tí ìta bá tutù dé 3 sísàlẹ̀ òdo, ìyàtọ̀ 24 nìyẹn. Ògiri tó kọjú síta jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 18.5. Wáàtì 0.5 ló ń gba mítà kọ̀ọ̀kan kọjá fún dígírì kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 222. Àjà gbé 120. Fèrèsé ńkọ́? Mítà 4 péré, gíláàsì onípele méjì àtijọ́ tí tirẹ̀ jẹ́ 2.8, ó gbé 269! Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde ló kó jù: tí gbogbo ti inú yàrá bá ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan, 50 (5 lọ́nà 4 lọ́nà 2.5, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú yàrá) lọ́nà 0.33 (wáàtì tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú 50 yẹn ń gbé lọ fún dígírì kan) lọ́nà 24, 396 ni. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1,007. Èyí tó bá fẹ́ gba ìsàlẹ̀ lọ, fóòmù tó nípọn lábẹ́ páìpù ló máa dí i.

Kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ ti gba mítà 4, a kì í tẹ́ páìpù síbẹ̀. Ó ku 16. Mo pín in, ó jẹ́ 63 fún mítà kọ̀ọ̀kan.

Ṣé ilẹ̀ á lè gbé e? Ojú ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju dígírì 29 lọ níbi téèyàn ń jókòó sí, dígírì kọ̀ọ̀kan tó bá sì fi gbóná ju yàrá lọ ń mú nǹkan bíi wáàtì 11 jáde ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé 88 ni òpin. Ó gbé e dáadáa, ojú ilẹ̀ ò tiẹ̀ ní ju 27 lọ. Táìsì ni mo yàn, torí kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn á fẹ́ kí omi túbọ̀ gbóná.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo ní kí wọ́n fi gíláàsì tuntun oní-1.2 sí i, wáàtì 154 ló já kúrò, ó ku 853. Mo pín in sí mítà 16 yẹn, 53 fún mítà kọ̀ọ̀kan ni mo kọ fún oníṣẹ́ páìpù.